Àdúrà Tí Akọ̀wé Sọ Di Ìròyìn

"Gbé ọmọ rẹ."

Ohun tí Ẹlẹ́yin kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó kàn na ọmọ náà síwájú bí ẹni ń dá ẹrù olè padà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá ọmọ fi gbà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbínú tó ń pariwo kò tíì dé ibi tó ń lọ. Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a jọ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, nítorí kì í ṣe ọjọ́ tí ilé wó lulẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ìyá ọmọ yìí, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nínú ìjọ. Ó ń kọ̀wé nípa oko àti ohun ọ̀sìn fún ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó ń gba owó oṣù, bí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná, ó lè ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ta ló fẹ́ ránṣẹ́ sí? Bí kò bá kọ, ẹlòmíì ti kọ. Bó ṣe rí fún un nìyẹn.

Ó bí ọmọ méjì. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin, ó ti ń lọ sílé ìwé, ẹnu rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà. Èkejì jẹ́ ọkùnrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rìn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń rìn. Kò sí ohun tí wọ́n gbé sórí tábìlì tí kò fà wálẹ̀ rí. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ni ilé rẹ̀.

Kí ó tó bímọ, oko ni Akọ̀wé máa ń lọ. Á wọ bàtà òjò, á bu ilẹ̀ sọ́wọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlànà rẹ̀ ni pé ohun tí òun kò bá fọwọ́ kàn, òun kò ní kọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ọmọ tó ń fa gbogbo nǹkan wálẹ̀ wọ inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀? Díẹ̀díẹ̀, fóònù di oko.

Ibi tí Ẹlẹ́yin ti wọ inú ìtàn wa nìyí. Aládùúgbò Akọ̀wé ni, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, ìjọ kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ó dàgbà jù ú lọ dáadáa, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀. Ó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé, ẹyin wọn ló sì ń tà. Gbogbo ẹyin tí wọ́n bá yé, á gbé e sójú iná láti wo inú rẹ̀. Èyí tó bá dára, á fi pẹ́ńsù ya àgbélébùú kékeré sí i lórí. Bí ẹ bá bi í pé kí ni àmì yẹn, á ní, "Mo ti wò ó, Ọlọ́run náà ti wò ó."

Láàárọ̀, á yọjú lórí ògiri. "Gbé ọmọ yẹn wá, kí o lọ kọ̀wé rẹ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan tẹ lẹ́tà, tó ń fi èkejì nu imú ọmọ, kí ló fẹ́ kọ tí yóò já geere?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín."

"Kí Ó kọ́kọ́ bá mi gba irun mi lọ́wọ́ ọmọ rẹ ná."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, àwọn obìnrin ìjọ máa ń pàdé nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Wọ́n á to àga yípo, oníkálukú á sọ ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà sí i. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n á dìde, wọ́n á jọ sọ pé: "Ohun tí a gbọ́ níbí, Ọlọ́run ni a gbé e fún." Ọmọdé mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbé relé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan, Ẹlẹ́yin dìde. Kò mọ ibi tó fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Ẹ bá mi gbàdúrà. Àrùn ti wọ ilé adìẹ mi. Mo fi àjẹsára wọn falẹ̀ nígbà tí àbúrò mi wà ní ọsibítù, mo ní mà á ṣe é tí mo bá dé. Wọ́n ń lọ́ ọrùn, wọ́n ń kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí n tó mọ̀, mo ti ta ẹyin ọjọ́ yẹn. Látìgbà tí mo ti mọ̀, mi ò ta ẹyọ kan. Dókítà ẹran ọ̀sìn ti wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ẹ̀yin ará. Àwọn èèyàn fọkàn tán mi."

Akọ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ẹkún náà kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè sunkún nítorí ẹnìkejì rẹ̀ lónìí, kó tà á lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, olóòtú ìwé ìròyìn pè é.

"Akọ̀wé, èyí tí o fi ránṣẹ́ yìí, omi gbígbóná lásán ni. 'Àǹfààní Àjẹsára fún Adìẹ.' Ta ló fẹ́ kà á? Adìẹ gan-an ò ní kà á."

"Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, sà."

"Òtítọ́ tó ń sùn ni. Jí i. Wá ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí fún mi, ẹlẹ́ran ara tó ń bẹ̀rù. Bó bá dùn, ojú ìwé kan wà tí mo fẹ́ fún ẹnìkan, lóṣooṣù, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ fún. Tàbí kí n fún ẹlòmíì? Kó dé ọwọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ òní."

Ojú ìwé tirẹ̀, lóṣooṣù! Látìgbà tó ti bímọ, ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn: iṣẹ́ tí kò ní máa sá fún un bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ mú. Ó jókòó sídìí tábìlì. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń gbọ́ ohùn Ẹlẹ́yin tó ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ kó lè sùn. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, kò dárúkọ. Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbólóhùn méjì síbí bí olùkọ́ ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó.

Ẹlẹ́yin sọ pé: "Kí n tó mọ̀, mo ti ta ẹyin ọjọ́ yẹn."

Akọ̀wé kọ ọ́ pé: "Bí àwọn adìẹ ṣe ń kú lọ́wọ́, obìnrin náà ta ẹyin ọjọ́ yẹn."

Ẹ tún un kà. Ẹ ò lè nàka sí irọ́ kan nínú èkejì. Àwọn adìẹ ń kú, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ta ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni. Kí wá ni wọ́n yọ kúrò? "Kí n tó mọ̀." Ọ̀rọ̀ bíńtín ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni orúkọ rere obìnrin yẹn ń gbé.

Kò tíì tó o. Ó nílò ohun tí òǹkàwé kò ní gbàgbé. Ó rántí pẹ́ńsù yẹn. Ó kọ ọ́ pé obìnrin náà máa ń ya àgbélébùú sí orí ẹyin kó tó tà á fún àwọn tó fọkàn tán an. Ó kà á sókè, ó dùn mọ́ ọn. Ó fi orúkọ pamọ́, ó fi àmì síta, bí ẹni fi eérú bo iná tí èéfín sì ń rú.

"Màmi, ebi ń pa mí." Ìyá Àgbà ló ti ilé ìwé dé.

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ ti ń bọ̀ láti àná."

Kó tó fi ránṣẹ́, ó di ojú. "Olúwa, bí èyí kò bá jẹ́ ìfẹ́ Rẹ, dá mi dúró." Ó dúró díẹ̀. Mànàmáná kò kọ. Iná kò lọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ibí yìí ló máa ń bí mi nínú jù. Ọlọ́run tó ti ní kí a má ṣe jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó wá sọ nínú kíṣìnnì? À ń ṣe ohun tó wù wá, a wá ní kí Ọlọ́run sáré wá dì wá lọ́wọ́ mú. Bí kò bá sáré, a ní Ó fọwọ́ sí i! Akọ̀wé mọ̀ pé kò fọwọ́ sí i. Báwo la ṣe mọ̀ pé ó mọ̀? Ó bẹ olóòtú pé kó má ṣe fi orúkọ òun sábẹ́ rẹ̀, kó kọ "Aṣojú Wa" síbẹ̀.

Ó lọ gba ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́yin gbé e fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Mo ti kọ ọ́ tán, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti ń gbàdúrà sí i láti àárọ̀."

Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, orí fóònù ló ti kọ́kọ́ tàn ká. Àgbélébùú orí ẹyin! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Oníbúrẹ́dì tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ Ẹlẹ́yin látìgbà tó ti ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó má gbé e wá mọ́, bí ara àwọn adìẹ tiẹ̀ yá. Ilé ìwé tí Ìyá Àgbà ń lọ dá tiwọn dúró. Oníbàárà kan kó ẹyin wá, ó fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń wò ó lójú bó ṣe ń fọ́ wọn.

Ní ọjọ́rú, yàrá kékeré yẹn gbóná. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, kò tiẹ̀ jókòó.

"Ẹnìkan nínú yàrá yìí ló ta arábìnrin wa."

Gbogbo ojú yí sí Télọ̀, aránṣọ àárín wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé òun àti Ẹlẹ́yin ti jà rí, nígbà tí adìẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó sì yàgbẹ́ sórí aṣọ ìyàwó tó ń rán lọ́wọ́.

"Èmi?" Télọ̀ fọwọ́ sọ àyà. "Èmi tí mo máa ń la òógùn kí n tó kọ orúkọ mi tán? Kí ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn?"

"Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́, kì í ṣe bírò," ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí adìẹ náà tún wá yàgbẹ́ sí mi lórí, bó bá jẹ́ èmi ni!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tẹrí ba. Gbólóhùn kan péré ló lè gba Télọ̀ sílẹ̀, ẹnu Akọ̀wé nìkan ló sì wà. Kò sọ ọ́ síta.

"Akọ̀wé, ṣáájú wa nínú àdúrà," ni Ìyá Ìjọ wí.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbà ládùúrà: "Olúwa, ohun tó bá fara sin nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣí i payá."

"Àmín!" ni gbogbo wọn dáhùn. Àmín ti Télọ̀ ló ròkè jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ẹlẹ́yin gba ẹ̀yìn ilé wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Akọ̀wé ń wẹ ọmọ nínú bàsíà lórí tábìlì kíṣìnnì. Ẹlẹ́yin mú tówẹ́ẹ̀lì, ó gba ọmọ náà, ó ń nu ara rẹ̀.

"Dókítà ní àwọn tó kù ti yá. Kò sí àrùn nínú wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ tẹnu mi?" Ó gbé ọmọ sí èjìká. "Ìwọ lo mọ ìwé, àbúrò mi. Bá mi kọ ọ́ sí wọn. Sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Pé bí mo ṣe mọ̀ ni mo dáwọ́ dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé adìẹ yẹn ti kú nìyẹn, òun náà sì ni mò ń jẹ."

"Mà á kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìkà ni ẹni tó ṣe yín báyìí."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Fóònù dún lórí tábìlì. Ohùn gbangba, tí gbogbo ilé ń gbọ́, ni Akọ̀wé máa ń fi í sí nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo. Lọ́jọ́ yẹn, ọṣẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó rí orúkọ ẹni tó ń pè, ó na ọwọ́. Ọwọ́ tó ń rìn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láti èjìká Ẹlẹ́yin, ọmọ náà fọwọ́ gbá ojú fóònù, ìpè náà ṣí, ohùn olóòtú sì jáde.

"Akọ̀wé! Ọ̀gá akọ̀wé! Ẹlẹ́yin alágbélébùú tí o kọ yẹn, àwọn èèyàn ń kà á bí ẹni pé kò ní sí ọ̀la! Ojú ìwé yẹn ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ apá kejì. Àwọn adìẹ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti kú tán? Akọ̀wé? Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Omi ń kán láti ọwọ́ Akọ̀wé sílẹ̀.

"Gbé ọmọ rẹ," ni Ẹlẹ́yin wí.

Nígbà tí ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ìbínú náà wá rí àyè. "Ìwọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò dárúkọ yín!"

"O ya àgbélébùú mi síbẹ̀! Ta ló tún ń yà á?"

Ẹ mọ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ṣe máa ń bínú ju ẹni tí wọ́n jà lólè lọ. Akọ̀wé gbaná jẹ. "Ẹ ò mọ bó ṣe rí fún mi! Ọmọ méjì! Ọkọ tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ń gbé! Mi ò lè dé oko kankan mọ́. Àwọn tí kò lọ́mọ lẹ́yìn ń já iṣẹ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n sin bírò mi ni?"

"Ta ló ń bá ẹ gbé ọmọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ní ta ló ń bá ẹ gbé e? Ọjọ́ tí o jókòó kọ ọ́, níbo ni ọmọ rẹ wà? Dáhùn. Ìwọ lo máa ń bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí."

"Ọ̀dọ̀ yín."

"Orí itan mi ló sùn sí. Adìẹ mi ń kú lẹ́yìn ilé, mi ò dìde, kí n má baà jí i. Ìwọ ń pa mí níbí, èmi ń kọrin fún ọmọ rẹ lọ́hùn-ún."

Akọ̀wé wá sọ èyí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. "Mo gbàdúrà kí n tó fi ránṣẹ́."

Ẹlẹ́yin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"O gbàdúrà. O ké pe Ọlọ́run lókè ọ̀run, èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri, o ò lè kàn án kí o bi mí léèrè. Ògiri ló le jù fún ẹ láti kàn?"

Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ìyá Àgbà wọlé, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀. "Kí ló dé tí Màmá Ẹlẹ́yin ò kí mi? Màmi, kí lẹ ṣe?"

Ẹ kíyè sí i. Ọmọ náà kò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Kí lẹ ṣe" ló béèrè.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé dìde ní yàrá kékeré yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ka àtúnṣe tó ti kọ, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní kíkún. Olóòtú ti kọ́kọ́ ní òun kò ní gbé e jáde. Nígbà tó gbà, ìsàlẹ̀ ìpolówó ajílẹ̀ ló há a mọ́, ó sì fi ojú ìwé oṣooṣù yẹn fún ẹlòmíì.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ lo ṣáájú àdúrà. Mo ṣe Àmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ṣé o gbọ́ ohùn mi?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Má gbàgbé rẹ̀." Ó jókòó.

Ẹlẹ́yin kò dìde. "Ọlọ́run ní kí n dárí jì í, mo ti dárí jì í. Kò ní kí n tún máa bá a gbé ọmọ."

Ìyá Ìjọ la ẹnu láti sọ nǹkan. Ẹlẹ́yin wò ó. Ìyá Ìjọ pa ẹnu dé.

Àwọn kan wà nínú ìjọ tó ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Ká ní ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ni, ṣé èyí ì bá ṣẹlẹ̀?" Ẹ má dá wọn lóhùn. Kì í ṣe ọmọ ló fà á, kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á, ìgbàgbọ́ kọ́ ló sì fà á. Àwọn ìyá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò ta ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí ìlànà rẹ̀: ohun tí òun kò bá fọwọ́ kàn, òun kò ní kọ. Oko tó ní òun kò lè dé nítorí ọmọ, ẹ̀yìn ògiri ló wà. Kò gba bàtà òjò. Ì bá gbé ọmọ pọ̀n, kó rìn yípo, kó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo lè kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí n rí wọn." Bóyá Ẹlẹ́yin ì bá gbà. Bóyá ì bá kọ̀. Nítorí kó má baà kọ̀ ni Akọ̀wé kò ṣe bi í.

Ilé adìẹ yẹn kò kú, bó tilẹ̀ ku díẹ̀ kó kú. Oníbúrẹ́dì ti padà, ilé ìwé kò tíì padà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ ẹrù rẹ̀ síta mọ́. Bó bá kan ẹnìkan, á ní, "Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn mi," á sì jókòó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa rí i pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Òun náà ní Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn òun.

Láìpẹ́ yìí, Akọ̀wé lọ ra ẹyin bíi ti gbogbo oníbàárà, ọmọ rẹ̀ wà lápá. Ẹlẹ́yin kà á sínú àpò fún un. Akọ̀wé wo ẹyin àkọ́kọ́, ó yí i, ó wo èkejì. Funfun báláú ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àmì yín dà?"

"Ìwọ lo kọ ọ́ kẹ́yìn."

Ọmọ náà ti mọ ẹni tó rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ọwọ́ tó ń rìn yẹn, ó fẹ́ di irun rẹ̀ mú.

Ẹlẹ́yin wò ó. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀.